Ibi tí ológbò igbó lè sá pamọ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn yín. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ológbò igbó tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì fún ní ibùgbé nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Mo tún ka lẹ́tà òǹkàwé tó tẹ̀ lé e, ẹni tó kọ̀wé pé ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀wọ̀n ń jẹ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n gbin koríko yí i ká, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ràn àwọn ẹranko náà lóòótọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n máa lọ sínú igbó tí wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí ọdún mẹ́rin ni mo fi ran àwọn olùtọ́jú ẹranko lọ́wọ́ láìgbowó ní irú ibẹ̀. Èmi ni mò ń fọ abọ́ wọn, èmi ni mò ń gbá iyàrá tí wọ́n ń sùn sí. N kò kọ̀wé láti bá òǹkàwé náà jà. Mo gba ìdajì ohun tó sọ. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ẹranko wà.

Kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn onímọ̀ ka nǹkan bí 40 ẹ̀yà nínú ìran ológbò tó ń gbé inú igbó, láti orí kìnnìún àti ẹkùn, ògìdán olólà ijù, títí dé orí àwọn kéékèèké tí kò tóbi ju ológbò ilé lọ. Àwọn ńlá yẹn kọ́ ló sábà máa ń dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gbà sílẹ̀. Bobcat àti lynx tí ìrù wọn kúrú, serval tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àti caracal tí irun dúdú wà ní ṣóńṣó etí rẹ̀ ló pọ̀ jù, pẹ̀lú puma ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó tóbi jù wọ́n lọ. Ológbò ilé tó sá lọ tó wá ń dọdẹ kiri inú igbó kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò wọ́n. Àṣìṣe yìí gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ bobcat sí wàhálà. Ẹnì kan á rí ọmọ ológbò mẹ́ta lábẹ́ igi tó wó, á rò pé ìyá wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, á kó wọn wálé, á fún wọn ní mílíìkì, nígbà tí ìyá tó lọ dọdẹ ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ehoro lẹ́nu.

Ọmọ bobcat máa ń já lẹ́nu ọmú ní nǹkan bí oṣù méjì, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún kan. Ti puma gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè tó ọdún kan ààbọ̀ tàbí kó lé. Kí ló ń kọ́ ní gbogbo àkókò yẹn? Bíba wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, nítorí ọmọ tí a fi ọwọ́ tọ́ pàápàá á máa ba, á máa fò mọ́ ewé tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ibi tí ehoro ń gbà, ọ̀nà tí a fi ń dúró kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn ẹni dé imú ẹran, ìgbà tó yẹ kí a jáwọ́ kí a má fi agbára ṣòfò, ìyá ló ń fi gbogbo ìwọ̀nyí han ọmọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó ń kọ́ ọ láti sá fún ènìyàn. Ọmọ tí ènìyàn fi ìgò bọ́ kò kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Òdìkejì rẹ̀ ló kọ́. Bí ebi bá pa á, ẹ̀yìnkùlé tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò yà sí, onílé kò sì ní í mọ̀ pé ọmọ tó ń wá ìyá ni. Ẹranko ẹhànnà tó fẹ́ gbé ọmọ òun lọ ni yóò rí. Ẹni tó bá ní kí a ṣílẹ̀kùn fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ ikú fún un láìmọ̀.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ara wọn ni kò gbé e. Serval kan wà tí mo máa ń gbé oúnjẹ fún tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun, nítorí pé ẹran lásán, tí kò ní eegun, ni ẹni tó kọ́kọ́ sìn ín nínú ilé fi bọ́ ọ láti kékeré. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò ní kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú eegun le, tó. Nígbà tí ara kò bá sì rí i nínú oúnjẹ, inú eegun ara rẹ̀ ni yóò ti máa fà á yọ, títí tí eegun náà yóò fi rọ̀, tí yóò sì tẹ̀. Taurine tún wà, èròjà tí ara ológbò kò lè dá ṣe tó fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé inú ẹran tó bá jẹ ló ti ń rí i. Bí kò bá rí i tó, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè di aláìlera. Àwọn kan sì wà tí olówó wọn ti mú lọ yọ èékánná wọn, èyí tí kò jọ gígé tí àwa ń gé tiwa rárá, nítorí oríkèé tó gbẹ̀yìn lórí ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé kúrò. Ológbò tí kò ní èékánná kò lè gun igi dáadáa, kò lè di ẹran mú, bó bá sì dàgbà, oríkèé á máa dùn ún. Igbó wo la fẹ́ rán irú wọn lọ?

Òǹkàwé yín lè dáhùn pé wọ́n ń dá irú àwọn ẹranko wọ̀nyí padà sígbó níbòmíràn, òótọ́ sì ni. Ní Sípéènì àti Pọ́túgà, lynx ilẹ̀ Iberia kò tó 100 mọ́ ní ọdún 2002. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2023, wọ́n ti lé ní 2,000, àwọn tí wọ́n bí sí àhámọ́ tí wọ́n sì tú sílẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí iye náà gòkè. Ní Scotland, 19 ológbò igbó ni wọ́n tú sílẹ̀ sí òkè Cairngorms ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wọn. Ibi tí àwọn ti Scotland dàgbà sí kò ṣí sílẹ̀ fún ará ìta, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, àwọn olùtọ́jú wọn sì ń sa gbogbo ipá kí wọ́n má baà mọ ènìyàn lójú. Àwọn lynx náà kọ́ bí a ṣe ń pa ehoro kí wọ́n tó jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ti ń múra wọn sílẹ̀ fún igbó. Bobcat tó ti sùn lórí ibùsùn ọmọ ènìyàn fún oṣù mẹ́jọ kò bá wọn kẹ́gbẹ́.

Níbi yìí ni mo ti gba ti òǹkàwé náà wọlé. Ẹni tó ń wá ẹranko tí àwọn ènìyàn yóò máa wò kò yẹ kó jẹ́ adájọ́ tí yóò sọ pé ẹranko náà kò lè padà sígbó mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ẹhànnà tó farapa, pẹ̀lú dókítà ẹranko tí kò ní èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ni kó dá ẹjọ́ yẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí tí ẹnì kan ń fi tẹlifóònù béèrè bóyá ọmọ puma wà nílẹ̀, torí pé ibùgbé tí wọ́n kọ́ ti parí, ayẹyẹ ìṣílé sì ti súnmọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Kí ẹranko máa wá ilé kò burú. Kí ilé máa wá ẹranko ni kò dára.

Kí a má sì gbàgbé ibi tí àwọn púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Kì í ṣe igbó ni wọ́n ti mú gbogbo wọn. Ẹ̀yìnkùlé àti pálọ̀ àwọn tó rà wọ́n nítorí ẹwà ni. Ní Bìrìtéènì, nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹranko eléwu ní ọdún 1976, tó sọ ọ́ di dandan láti gba ìwé àṣẹ kí ènìyàn tó sin irú wọn sílé, ọ̀pọ̀ gbà pé ṣe ni àwọn kan rọra tú tiwọn sílẹ̀. Ní 1980, nítòsí Cannich ní òkè Scotland, wọ́n fi pàkúté mú puma kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn débi pé ó hàn gbangba pé inú ilé ló ti dàgbà. Wọ́n sọ ọ́ ní Felicity, wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹranko Highland Wildlife Park, ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ológbò igbó Scotland lónìí. Ó kú ní 1985, wọ́n sì fi nǹkan kún awọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè, wọ́n gbé e sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Inverness. Mo máa ń ronú nípa ẹranko yìí. Òkú rẹ̀ rí ààyè nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìsí ẹni tó pariwo. Ìgbà tó bá jẹ́ ẹranko alààyè là ń bínú.

Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ààrẹ ibẹ̀ tó buwọ́ lu òfin tó kà á léèwọ̀ fún aládàáni láti ní kìnnìún, ẹkùn, jaguar, cheetah, puma àti àwọn díẹ̀ mìíràn, tó sì kà á léèwọ̀ pé kí ará ìta máa fọwọ́ kan ọmọ wọn. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ bobcat, serval àti caracal, àwọn gan-an tí mo ní wọ́n pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé? Àwọn kan rò pé ilé tó kún fún ère àti egungun àtijọ́ nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń kó ìtàn ilẹ̀ àti ohun ẹlẹ́mìí tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Arizona-Sonora Desert Museum, tó wà lẹ́yìn ìlú Tucson ní Amẹ́ríkà, ti wà láti ọdún 1952. Puma, bobcat àti ocelot wà níbẹ̀, láàárín òkúta àti igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí wọ́n mọ̀. High Desert Museum, nítòsí ìlú Bend ní Oregon, ṣí ní 1982, àwọn ẹranko tí kò lè padà sígbó ni ó sì ń tọ́jú, bobcat wà lára wọn. Àǹfààní tí mo rí nínú irú ibẹ̀ ni pé wọn kò nílò kí ẹranko bímọ, wọn kò sì nílò 20 ẹ̀yà láti fi pe èrò. Ológbò kan tàbí méjì, nínú ilẹ̀ tó jọ ti ìran rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ilẹ̀ yẹn àti ti àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, tó láti jẹ́ kí ọmọdé mọ ìdí tí odò, ehoro àti ológbò fi so mọ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí di asán bí ibùgbé náà kò bá dára. Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ nìyí, nítorí nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti tẹ̀ jáde, kò sí èyí tó fẹnu kàn án. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ méjì, Ros Clubb àti Georgia Mason, fi hàn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature pé àwọn ẹranko apẹran tó máa ń rìn jìnnà nínú igbó ni rírìn lọ rìn bọ̀ lójú kan máa ń pọ̀ lára wọn jù nínú àhámọ́. Gbogbo ẹni tó ti rí i rí mọ̀ ọ́n: ẹranko náà á rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, á yí padà, á tún rin mẹ́jọ, títí tí koríko ibẹ̀ yóò fi pá. Ìwádìí mìíràn wà tí Kathy Carlstead àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ológbò kékeré ilẹ̀ Éṣíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní leopard cat, tí wọ́n gbé jáde ní 1993. Nígbà tí wọ́n kó wọn sí àgò tí kò ní nǹkan kan nínú, cortisol, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, lọ sókè. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀ka igi àti ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí kún un, ó wálẹ̀, rírìn lọ rìn bọ̀ sì dínkù. Ẹ kíyè sí i pé ààyè kọ́ ni wọ́n fi kún un. Ibi ìsápamọ́ ni.

Bí mo ṣe rí i lójú ara mi náà nìyẹn. Bobcat kan dé lọ́dọ̀ wa tí kò jáde nínú àpótí rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá àyàfi bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọn àpótí yẹn. Ó ní kí wọ́n gbé ìtì igi méjì tó ní ihò sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n to àpáta sí ẹ̀yìn ibùgbé náà kó ga tó ìdúró ènìyàn méjì, kí orí àpáta náà sì jẹ́ ibi tí ológbò ti lè máa wo gbogbo wa nílẹ̀ láìsí ẹni tó lè wò ó láti òkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló jókòó sórí àpáta yẹn lọ́sàn-án gangan, ó káwọ́ sábẹ́ àyà, ó ń wo ọmọ iléèwé tó ń kọjá bí ìyá àgbà tó jókòó sójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Ó mọ̀ pé òun lè padà sínú ihò nígbàkígbà tó bá wu òun, ìdí nìyẹn tó fi jáde.

Oúnjẹ pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá gbé abọ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́, láti aago méjì ni ológbò náà yóò ti máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, a máa ń pín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ òkúta àti sínú ìtì igi, ní àkókò tí kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì jìnnà sí ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, nítorí pé àkókò yẹn ni ìran rẹ̀ máa ń dọdẹ. Odindi ẹran ni, ti òun ti irun àti eegun. Ní ti ìṣègùn, wọ́n kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti wá gbé ìbàdí rẹ̀ ti ọgbà wáyà kó lè gba ẹran díẹ̀, débi pé nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá tó, kò sí pé à ń lé e, kò sí pé à ń fi àwọ̀n bò ó, kò sì sí pé à ń fún un lóògùn oorun. Ẹnikẹ́ni kì í sì wọlé tọ̀ ọ́, bó ti wù kó mọ̀ wá tó.

Àwọn tó wá wòran a máa bínú. Wọ́n á ní àwọn sanwó, àwọn kò rí nǹkan kan. Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn tí bàbá kan bú mi lójú àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ológbò náà ń sùn nínú ihò. Èmi ò bá a fa ọ̀rọ̀. Mo fi ipa ẹsẹ̀ ológbò náà han àwọn ọmọ náà lójú ọ̀nà tó rọ̀, mo fi irun tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi hàn wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a pẹ̀lú ojú fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí etí méjì tó yọ jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà pariwo.

Mo tún ti lọ sí ibòmíràn, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, níbi tí caracal kan ti wà nínú yàrá onígíláàsì lọ́tùn-ún lósì, tí kò sí igi, tí kò sí ihò, tí òṣìṣẹ́ kan sì ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́ sùn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé wọ́n gbà á sílẹ̀ ni. Bí òǹkàwé yín bá wí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, èmi ni n ó gbé ohùn sókè tẹ̀ lé e. Ìdí tí mo fi sọ pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà nìyẹn: kò sí orúkọ rere tó lè sọ yàrá bẹ́ẹ̀ di ilé.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ kúkurú ni. Bobcat tó bá rí ìtọ́jú lè lo ogún ọdún tàbí kó lé, èyí tó gùn ju ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò nínú igbó lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá gba ọmọ oṣù mẹ́ta lónìí gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò máa ra ẹran fún un nígbà tí ọ̀gá àgbà tó gbà á bá ti fẹ̀yìn tì, àti ibi tí yóò dàgbà sí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú. Bí ìdáhùn kò bá sí, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ibi tó ní in.

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín gan-an. Fọ́tò tí ẹ fi lé ìròyìn náà lórí jẹ́ ti ọmọ bobcat tí ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín gbé mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn-ún wò. Mo sì mọ̀ pé láàárín àwọn tó rí i, ẹnì kan ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹ bá tún máa kọ nípa wọn, ẹ lo àwòrán àpáta pẹ̀lú ológbò tó jókòó sórí rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, kódà kó jẹ́ pé etí méjì péré ló hàn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan